Àga Àtijọ́ Nínú Ilé Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á Tàbí Tó Fẹ́ Tún Un Ṣe

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, àga kan wà lẹ́yìnkùlé tí adìẹ ń yé sí, tábìlì kan sì wà tí wọ́n ń gé ẹran lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ tútù nù ún, ẹ lè rí i pé ìrókò tàbí ọ̀gànwó ni. Nígbà tí wọ́n kàn án, igi ńlá ò wọ́n nínú igbó. Lónìí, pákó tí wọ́n máa fi kan irú rẹ̀ lè gbówó lórí ju odidi àga náà lọ ní gbàǹjo. Nítorí náà, ẹ má tètè sọ ọ́ di igi ìdáná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó pẹ́ ló dára, èyí tó sì dára gan-an lè má bá ilé yín mu.

Ta ló máa jókòó sí i?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú iye owó. Ẹni tí àlejò kì í wọ́n nílé rẹ̀ nílò àga tó lè gba ìyà. Irú èyí tí PWD (ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba) ń kàn sí kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó ṣì dára títí di òní: apá rẹ̀ fẹ̀ débi pé ife omi lè dúró lé e, tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ sá sóòrùn, ẹ sì lè fi àdìrẹ rán ìbòrí fún un. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lu ẹrù ìjọba ní gbàǹjo, ẹ yáa tètè débẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ò nílò odidi sẹ́ẹ̀tì. Àga kan ṣoṣo tó rinlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti tó o. Ẹni tí iṣẹ́ oko tàbí ọjà ò jẹ́ kó ráyè nu ilé déédéé, kó má ra kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fín ewé àti òdòdó sí lára. Tí ọyẹ́ bá dé, inú fínfín yẹn ni eruku máa sùn sí. Ayálégbé tó ń kó kiri, ohun tó ṣeé tú ni kó rà. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ àtijọ́ mìíràn pín sí òkè àti ìsàlẹ̀, òmíràn sì jẹ́ odidi gbagidi tí kò ní gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ wọn kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ tó sanwó.

Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ẹ wọn ibi ìjókòó sí ilẹ̀: ìǹṣì 17 sí 18 ló tura. Àga tó lọ sílẹ̀ jù lè wu ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí i á máa wá ẹni tó máa fa òun dìde.

Lójú tiwa, ohun àtijọ́ kan tàbí méjì ti tó nínú pálọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá di ti àtijọ́, ilé á dà bí ibi ìkẹ́rùsí.

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀

Ojú òkè ni ẹni tó ń tà á kun pólíṣì sí. Ẹ dojú àga délẹ̀, ẹ fa dúrọ́ọ̀ yọ tán, ẹ wo ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò kun nǹkan kan sí.

Igi ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì máa dúdú lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn káfíńtà mọ̀ ọ́n mọ òkúta funfun tó máa ń wà nínú rẹ̀, tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́. Ọ̀gànwó pupa, pólíṣì sì máa ń dán lára rẹ̀ gan-an. Àpá le, ó wúwo, ẹnì kan ò lè dá tábìlì àpá gbé. Ìdigbó máa ń tú àwọ̀ tí omi bá kàn án, nítorí náà ẹ má tẹ́ aṣọ funfun tútù lé e. Arère funfun, ó fúyẹ́, èékánná lásán lè ha á lára. Ó rọrùn fún káfíńtà láti gé, ó sì rọrùn fún kòkòrò láti jẹ.

Lẹ́yìn igi, ó kan oríkèé. Ẹ di apá àga mú, kí ẹ mì í. Àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń gbẹ́ ahọ́n sí ara igi kan, wọ́n á lu ihò sí èkejì, wọ́n á wá kì wọ́n bọ ara wọn. Tí àga bá ń mì, tí ahọ́n yẹn ò sì tíì kán, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti kú. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn: káfíńtà á tú u, á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, á kun tuntun, á fi okùn dì í pinpin mọ́jú. Èyí tó le ni àga tí ẹnì kan ti gbá ìṣó mọ́ lóríkèé, nítorí ìṣó máa ń la ahọ́n igi. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ná an wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo súkúrù náà. Èyí tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú, lẹ́yìn ọdún 1930 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Tí òǹtajà bá búra pé láti ayé Ayaba Victoria ni àga náà ti wà, ẹ bi í léèrè bí súkúrù yẹn ṣe débẹ̀. Ó lè jẹ́ àtúnṣe. Bí kò bá sí ihò ìṣó tàbí súkúrù àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má san owó ohun àtijọ́.

Dúrọ́ọ̀ tó há lásìkò òjò kò bàjẹ́. Igi máa ń wú tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, á sì sún kì tí ọyẹ́ bá mú. Káfíńtà tó bá gbé ìfági lé e nínú oṣù Agẹmọ, àlàfo gbàgàdà ló máa wà níbẹ̀ tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá dé. Ẹ fi àbẹ́là pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ní sùúrù di ẹ̀ẹ̀rùn.

Kòkòrò, ikán àti ìdun

Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ tẹ́ ìwé dúdú sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ìyẹ̀fun igi kíkúnná bá dà sórí ìwé náà, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ igi tó funfun ni wọ́n fẹ́ràn jù, kódà lára ìrókò. Ti ikán, ẹ fi ìka kàn án kó-kó-kó: igi tí inú rẹ̀ ti ṣófo kì í dún bí èyí tó kì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu oògùn tí ẹ ń fọ́n sí kòkó tàbí ẹ̀wà sára àga tí ọmọ ènìyàn ń jókòó sí. Oògùn igi wà lọ́jà; ìta gbangba ni kí ẹ ti kùn ún, kó sì gbẹ dáadáa.

Ìdun lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun, torí náà títì í mọ́ yàrá ò lè pa á. Ẹ má ṣàánú fómù àtijọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Pólíṣì àti ọ̀dà

Ẹ rẹ òwú sínú sípírítì, kí ẹ fi kan ibi kan tó fara sin lára rẹ̀. Tí pólíṣì bá yòrò, ti àtijọ́ ni, ó sì ṣeé tún kùn láìfá gbogbo rẹ̀. Tí kò bá mira, fáníìṣì òde òní ni. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó ha á, ẹ bo imú, kí àwọn ọmọ sì jìnnà síbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ogún

Àga bàbá tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ jókòó sí nígbà ayé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan máa dá gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí péjọ, kí olórí ẹbí sì mọ̀ sí i.

Ti ilẹ̀kùn fínfín, òpó àti àpótí ìjókòó ìbílẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé, tàbí tí wọ́n ti fi ṣe ìsìn ìbílẹ̀ rí, ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò ṣeé tà fún ẹni tó bá kàn wu èèyàn, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1924, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fẹ́ gbà á. Kábíyèsí ò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe, wọ́n kan ìtẹ́ kan fún un ní Ìlú Ọba. Ilẹ̀kùn náà ti di tiwọn látìgbà náà. (Èwo lẹ máa mú nínú méjèèjì?)

Tí oníṣòwò kan bá wá sílé yín, tó ní òun fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ tún ṣe ní Èkó, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ó tíì gbé e, kí ẹ sì lọ fi fọ́tò náà han òṣìṣẹ́ NCMM tó súnmọ́ yín jù.