Ẹ fi omi gbígbóná jí irúgbìn ewédú kí ẹ tó gbìn ín
Ẹ̀yin ará ilé, òjò àkọ́rọ̀ ti dé sí Ìbàdàn. Kí ẹ tó gbin ewédú sẹ́yìnkùlé, ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi ìbòòji kó gbẹ. Èèpo rẹ̀ ló le tí omi kì í fi í tètè wọlé; ooru yẹn ló ń là á. Láìṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa hù. Ó kéré bí ẹ̀tù ìbọn, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Ewédú nìkan o! Ẹ má fi omi gbígbóná jí irúgbìn tẹ̀tẹ̀, yóò kú ni. Koríko tí ẹ ro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún; ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè kó máa jẹrà.