Tí ọmọ tẹ́ ẹ gbà ṣọmọ bá ń kúrò lọ́wọ́ alágbàtọ́ ẹ̀ bọ̀ wá sílé yín, ẹ má kánjú

Ẹ̀yin tí ìwé ilé ẹjọ́ ti jáde fún pé kẹ́ ẹ gba ọmọ ṣe tiyín, tí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá alágbàtọ́ tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹ má tíì lọ wá takisí. Èmi kánjú ni. Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí lọmọ wa wà, ọmọ ọdún mẹ́rin, a lọ gbé e ní Sátidé, a gba Pọ́bẹ̀ gba Sákété wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kílẹ̀ tó ṣú ó ti dákẹ́ pátápátá, gbogbo èèyàn ń sọ pé "ẹ wò ó, ọmọ jẹ́jẹ́", kì í ṣe jẹ́jẹ́ o, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá a níbi tó wà. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ bá a jẹun, kó rí i pé ẹ̀yin àti ìyá ẹ̀ jọ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn kó wá lo ọ̀sán kan lọ́dọ̀ yín kó padà, kó tún wá sùn mọ́jú kó padà. Owó ọkọ̀ á dùn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀nà yẹn ní àlọ, ó ní àbọ̀.

Ẹ bi ìyá yẹn léèrè dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ló ń mu láàárọ̀, ta ló ń wẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n ń paná tó bá fẹ́ sùn. Ẹ gba ìwé ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ tún tọrọ ìró kan tí wọn ò tíì fọ̀. Tiwa, àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, etí ẹ̀ ti ja, òórùn èéfín àti epo pupa wà lára ẹ̀, èmi aláìmọ̀kan mo rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ gbé e símú, ó jù ú sílẹ̀, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún.

Orúkọ tó ń jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un ní oríkì, ẹ fi kún un ni. Tó bá ń pè yín ní Táńtí, ẹ jẹ́ ẹ.

Oṣù àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ìnáwó kankan. Àwọn ará àdúgbò á rò pé vidomègon lẹ mú wá, ọmọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síni láìsí ìwé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, aládùúgbò kan ti gbé igbá tòmátì lé tiwa lórí! Ẹ sọ fún wọn ní tààrà pé ọmọ yín ni, adájọ́ ti fọwọ́ sí i, Bẹ̀nẹ̀ sì ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé láti 2015.

Tó bá ń kó búrẹ́dì sábẹ́ ìrọ̀rí, kì í ṣe olè, kò tíì dá a lójú pé oúnjẹ á wà lọ́la ni, ẹ gbé abọ́ kan síbi tọ́wọ́ ẹ̀ á tó. Tó bá tọ̀ sórí ẹní, ẹ pààrọ̀ ẹní, kò sọ́rọ̀. Ìgbà tó bá wá ń ṣagídí tó ń fọ́ nǹkan, ó ń wò ó bóyá ẹ máa dá òun padà ni.

Ẹ máa pe ìyá yẹn lórí WhatsApp. Àwọn kan ní kí ọmọ tètè gbàgbé, èmi ò gbà. Tiwa máa ń sunkún tá a bá parí ìpè, lẹ́yìn náà á jẹun àjẹyó. Lóṣù kejì a padà lọ sí Kétu, mo bẹ ìyá kó yá wa ní ìró míì, ó rẹ́rìn-ín, ó tú èyí tó ró sídìí fún mi lójú ẹsẹ̀.