Láti Láfẹ́nwá Sórí Tábìlì: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rélùwéè Kékeré

Pákó ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe rélùwéè kékeré, ìyẹn àwòṣe ojú irin àti ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, máa ń sáré rà. Ẹ fi pákó sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tí ẹ fẹ́ ṣe àwòṣe rẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá ti mọ ibẹ̀ dunjú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí tábìlì yín yóò ṣe gùn tó, irú irin tí ẹ máa rà, àti ohun tí ẹ máa yọ kúrò.

Ibùdókọ̀ kan, ìgbà kan

Ní Abẹ́òkúta, méjì ló wà níwájú yín. Ti àtijọ́ ni Láfẹ́nwá, lójú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Àlàfo àárín irin méjèèjì níbẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067. Ti òde òní wà ní Ládérin, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, tí wọ́n ṣí ní 2021. Ojú irin méjì ló wà níbẹ̀, ìlọ àti àbọ̀, àlàfo irin sì jẹ́ mílímítà 1,435. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì kan, wọn ò bára wọn gbé.

Láfẹ́nwá ni mo yàn ní tèmi, nítorí pé ọjà wà nítòsí, odò Ògùn náà kò jìnnà, ohun tí ojú máa wò sì pọ̀ kódà nígbà tí ọkọ̀ ò bá tíì dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọdún kan kí ẹ sì dúró lé e. Bí ẹ bá sọ pé 1975 ni, kò gbọdọ̀ sí kẹ̀kẹ́ Màrúwá lójú títì, kò sì gbọdọ̀ sí òpó GSM lẹ́yìn ilé, nítorí 2001 ni GSM dé Nàìjíríà.

Ìwọ̀n tí ẹ máa fi dín in kù

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí pé ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé ni èyí tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5. Bí ẹ bá fi 87 pín 1,435, ẹ máa rí nǹkan bíi 16.5. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n 1:87 (mílímítà kan lórí tábìlì dúró fún mílímítà 87 ti gidi), tí wọ́n ń pè ní HO, bá ti Ládérin mu gẹ́lẹ́. Ẹ wá fi 64 pín 1,067: 16.7 ló máa jáde. Irin kan náà yẹn ló máa sìn yín fún Láfẹ́nwá, bí ẹ bá ti kọ́ ilé, èèyàn àti ọkọ̀ ní ìwọ̀n 1:64.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú 1:64 ni pé mọ́tò ìṣeré kékeré, irú Hot Wheels tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé, sún mọ́ ìwọ̀n yẹn gan-an. Ẹ lè fi wọ́n kún iwájú ọjà láìná owó gọbọi. Ọkọ̀ ojú irin gan-an ni kò rọrùn rí rà ní 1:64. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra ẹ́ńjìnnì HO, wọ́n á tú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi páálí líle tàbí ike kan ara tuntun lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí.

Wíwọ̀n

Ẹ kí ọ̀gá ibùdókọ̀, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ fóònù síta, kí ẹ má sì wọ ojú irin. Bí ẹ bá ya àwòrán láti iwájú gan-an, àlàfo irin tó wà nínú àwòrán ti di rúlà yín, ẹ ṣáà ti mọ̀ pé 1,067 ni. Ní ti ògiri, ẹ ka búlọ́ọ̀kù: búlọ́ọ̀kù onínáìnì íńṣì gùn ní sẹ̀ntímítà 45, ó sì ga ní 22.5. Fún èyí tó jìn, Google Earth ní ohun ìwọnlẹ̀ tirẹ̀.

Pípète rẹ̀

Pèpéle oní mítà 150 yóò gba mítà 2.34 ní 1:64. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 kò lè gbà á tán pẹ̀lú ibi tí irin ti ń yà. Ẹ gé e sí mítà 1.2, ṣùgbọ́n ẹ má gé ilé ibùdókọ̀ náà kúrú, torí òun lojú èèyàn máa kọ́kọ́ dá mọ̀. Olúmọ náà, ẹ yà á sára ògiri. Òdìkejì odò ló wà.

Ẹ la pílíwúùdù ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 kan sí méjì ní gígùn, kí ẹ fi wọ́n gba ògiri méjì ní igun yàrá. Ibùdókọ̀ wà lórí apá kan. Apá kejì ló máa dúró fún Ìbàdàn: irin mẹ́ta, tí ẹ fi pákó tí ẹ kùn bo níwájú, kí ọkọ̀ máa ti ibẹ̀ yọ. Ẹ fi pákó onígun mẹ́ta dí igun inú, kí irin lè yípo láìká ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àárín òbírípo dé ojú irin, kí ó tó sẹ̀ntímítà 60. Ní ìparí kejì, pákó kékeré tí ẹ lè yọ kúrò ló máa dúró fún Èkó.

Iná kò ní dà yín láàmú. Iná fóòtì 12 tí kì í yí padà (12V DC) ni irú ọkọ̀ yìí ń lò, nítorí náà bátìrì sólà lè gbé e, bí ẹ bá fi fíùsì àti ohun ìdarí eré sáàárín.

Iyẹ̀pẹ̀ pupa Abẹ́òkúta ló dára jù fún ilẹ̀, kò sí ọ̀dà tó tó o. Ẹ jọ̀ ọ́, ẹ yan án gbẹ, kí ẹ wá fi òòfà rà á kọjá dáadáa, torí irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ mọ́tò oníná inú ẹ́ńjìnnì kí ó bà á jẹ́. Ẹ kun pákó lójú àti lẹ́yìn, kí òjò àti ọyẹ́ má bàa ká a, kí ẹ sì fi àlàfo tín-ín-tín sílẹ̀ níbi tí irin ti pàdé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn tí ẹ lẹ̀ pọ̀, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí ẹ fi páálí ìpara ṣe ilé. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan tó ń ná ọjà Láfẹ́nwá, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Bí ó bá tẹ ìka mọ́ ibì kan tó ní, “Ṣé ibi tí mo ti ń ra èlùbọ́ kọ́ nìyí?”, ẹ lè wá pe káfíńtà.