"Ṣé i7 ni?" Àṣìṣe àwa tí ń fi orúkọ ra kọ̀ǹpútà

"Ṣé i7 ni?" Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ń ta láptọ́ọ̀pù nìyẹn. Bó bá ti fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe, owó jáde lápò. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má ṣe é mọ́. i7, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Intel fún irú prósẹ́sọ̀ kan (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára. Ipò ni, láàárín àwọn prósẹ́sọ̀ tí wọ́n jọ jáde lásìkò kan náà. Ọmọ tó gba ipò kìíní, kíláàsì wo ló wà? Ẹ wo Core i7-7500U tó jáde ní 2016: core (ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an) 2 péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, i5-8250U ti gbé 4 dé. Ní 2022, i3-1215U, tí àwọn kan ń yínmú sí, ti ní 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 nínú wọn jẹ́ kékeré tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Síbẹ̀, ẹni tó ń ta i7 àtijọ́ yẹn á ṣì máa na ìka sí sítíkà ara rẹ̀.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ ni kí ẹ kà. 8 inú 8250U túmọ̀ sí ìran kẹjọ. 12 inú 1215U, ìran kejìlá. Ẹ wo lẹ́tà ìparí náà: U ń ṣọ́ bátìrì lò, H ń jẹ iná, ó sì lágbára jù ú lọ. i7 tó ní U àti i7 tó ní H kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ti AMD, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Intel díje, tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ryzen 5 7520U dé ní 2022, 7 tó ṣáájú sì mú kó dà bí ọmọ tuntun. Nọ́ńbà kẹta ló tú àṣírí: 2 yẹn ni Zen 2, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi kọ́ inú prósẹ́sọ̀ náà, tó ti wà láti 2019. Ryzen 5 7640U, tí 4 wà níbẹ̀, Zen 4 ni. Aṣọ kan náà, ara ọ̀tọ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí Intel ń pe ọjà rẹ̀ ní 386, kóòtù Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà lásán kì í ṣe ti ẹnì kan. AMD náà sì ń ta 386 tirẹ̀. Ni Intel bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ "Intel Inside" mọ́ kọ̀ǹpútà ní 1991, ó sì sọ ọmọ rẹ̀ ní Pentium ní 1993. Orúkọ tí a ó máa há sórí ni wọ́n ń wá. Láti 2023 wọ́n ti ń yọ i yẹn kúrò, Core 7 àti Core Ultra 7 ló kù. Wọ́n sì ti fi "Intel Processor" rọ́pò Celeron lára àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ti kọ́ láti sá fún Celeron, kó tún ojú rẹ̀ là sí N100, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn "Intel Processor" yẹn.

Àṣìṣe tó kù kò gba àlàyé púpọ̀: kí ẹ kó gbogbo owó lé orúkọ, kí ẹ wá bá RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 4GB tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù pa. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ́rẹ́n, i7 yín ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.