Bí ọmọ ọdún 12 ṣe máa tètè sùn láìjẹ́ pé ẹ̀ ń pariwo lálaalẹ́

Ẹ jẹ́ ká pa ariwo tì ná. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 11 sí 14 tó bá ní oorun ò tíì kun òun láago mẹ́sàn-án, ó lè má parọ́ o, torí tọ́mọ bá ti ń bàlágà, melatonin tó máa ń jẹ́ kí oorun kunni kì í tètè dé mọ́, ó lè fi wákàtí kan sí méjì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe agídí. Àmọ́ iléèwé ò mọ ìyẹn, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ṣì ń wọlé, tó bá wá jẹ́ ìlú ńlá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á ti lé wọn jáde kílẹ̀ tó mọ́.

Torí náà, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo aago tó gbọ́dọ̀ jí, kẹ́ ẹ kà á padà sẹ́yìn. Lọ́dún 2016, American Academy of Sleep Medicine, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Tó bá jẹ́ aago mọ́kànlá ló ń sùn báyìí, ẹ má fipá gbé e wá sí mẹ́sàn-án lálẹ́ ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú 15 ni kẹ́ ẹ máa yọ lọ́jọ́ mélòó kan síra.

Fóònù wá ni ogun gan-an. Iná ojú ẹ̀ ń lé oorun lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi gíìsì òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló burú jù, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn nínú gúrúùpù wọn ò ní mọ nǹkan tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín láàárọ̀, lójú wọn ọmọdé ló ń tètè sùn. Ẹ ra aago aláráàmù kó má bàa ṣàwáwí pé fóònù ló ń jí òun, kí gbogbo fóònù sùn sí pálọ̀, tiyín náà o! Ẹ má sì máa fi "lọ sùn" jẹ ọmọ níyà, ṣé ó máa wá fẹ́ràn ẹ̀ ni?

Tó bá di wíkẹ́ńdì, kó fi wákàtí kan lé aago tó máa ń jí, kì í ṣe kó sùn dọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ alẹ́ Sunday ò ní ṣeé sùn. Kọfí àti energy drink, rárá.

Ọmọ tó bá ń hanrun lálaalẹ́, tàbí tó sùn dáadáa tó ṣì ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ gbé e lọ rí dókítà, ìyẹn kì í ṣọ̀rọ̀ fóònù.