Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fífi Bíréèkì Dísìkì Sí Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́

Mustang ọdún 1965, Chevelle, àti àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà náà tí ẹ́ńjìnnì wọn ń bú ramúramù, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù, èyí tó ń tẹ̀ láti inú igbá irin, ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, níbi tí zémidjan, ọ̀kadà akérò, ti ń já wọlé lọ́tùn-ún lósì, bíréèkì yẹn kò tó. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, dúrọ́ọ̀mù á gbóná, ọkọ̀ ò ní fẹ́ dúró mọ́. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ yí i padà sí dísìkì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é: wọ́n á ra dísìkì àti kálípà tó ń fi páàdì fún un mọ́, wọ́n á dè é mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Láti orí pẹ́dà títí dé táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì, ẹ má yọ ọ̀kankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà. Mustang ọdún 1964 sí 1966 tó ní sìlíńdà mẹ́fà, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló ń lò. Èyí tó jẹ́ V8 (sìlíńdà mẹ́jọ), márùn-ún. Irin tí bẹ́ríǹ jókòó lé lórí nínú méjèèjì kò dọ́gba. Tí ẹ bá ra ti nọ́ọ̀tì márùn-ún fún ọkọ̀ nọ́ọ̀tì mẹ́rin láìpààrọ̀ irin yẹn, owó ti wọ gbó. Ẹ sì fi ríìmù yín dán kálípà wò kó tó di ọjọ́ iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ríìmù íńṣì 14 ló máa ń ha kálípà.

Ọ̀rọ̀ másítà sìlíńdà, èyí tí pẹ́dà ń tì láti ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni màá tẹnu mọ́ jù, torí òun ni wọ́n máa ń gbójú fò jù. Nínú ti dúrọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tó máa ń di agbára ọ́ìlì tó tó nǹkan bíi psi 10 mú sínú páìpù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Dúrọ́ọ̀mù ní sípíríìǹgì tó ń fa bíréèkì padà, nítorí náà kò sí wàhálà. Dísìkì kò ní irú ẹ̀. Psi 10 yẹn á máa ti páàdì mọ́ irin ní gbogbo ìgbà, ọkọ̀ á wúwo, epo á máa lọ, kí ẹ sì tó dé Kútọnu, ẹsẹ̀ iwájú á ti máa rùn bí ohun tó ń jóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni písítínì kálípà ń jáde síwájú, ọ́ìlì ló sì ń rọ́pò àyè yẹn. Igbá ọ́ìlì kékeré ti dúrọ́ọ̀mù kò lè gbé e. Ewu tó wá burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ṣáájú ti 1967, igbá kan ṣoṣo ló ń fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ́ìlì. Páìpù kan bẹ́, gbogbo bíréèkì ti lọ. Ẹ ra másítà alápá méjì tí wọ́n ṣe fún dísìkì níwájú àti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ti àtijọ́ ṣì le, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù, bó ṣe ń yí ló ń fa bíréèkì mọ́ra, ó ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Dísìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, agbára púpọ̀ ló fẹ́ nínú páìpù. Tí agbára kan náà bá wá dé ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn á gan kí iwájú tó mú. Tí òjò bá rọ̀ sí ọ̀nà Pọ́bẹ̀ sí Kétu, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣíwájú imú rẹ̀. Ẹ fi fáàfù tó ṣeé yí sórí páìpù ẹ̀yìn, kí ẹ sì dán an wò níbi gbangba tí kò sí èèyàn, títí ẹ ó fi rí i pé iwájú ló ń kọ́kọ́ gan.

Servo, tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí pẹ́dà, kì í ṣe ọ̀ràn-an-yàn. Tí wọ́n bá ti fi kámù líle (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) sí i, afẹ́fẹ́ tó ń fà kì í tó servo lò, pẹ́dà á sì le bí òkúta. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ yẹn kí ẹ tó rà á.

Lílé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù ló ń jẹ àkókò jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá wà lábẹ́ ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ wà lórí pẹ́dà.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá.”

“Dì í mú.”

Ọ̀gá tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì gba inú rọ́bà tín-ín-rín jáde, ó mọ́ gaara, kò hó rárá. Síbẹ̀ pẹ́dà ń rì wọlé. Wọ́n á ra ọ́ìlì mìíràn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo kálípà: ti òsì ló wà lọ́tùn-ún, nọ́ọ̀tì tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde sì dojú kọlẹ̀. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà, kò lè gba ìsàlẹ̀ jáde láéláé. Ẹ pààrọ̀ wọn, kí nọ́ọ̀tì yẹn dojú kọ òkè.

Àwọn ẹ̀yà ara Peugeot àti Toyota ló kún ọjà wa, mìlímítà sì ni nọ́ọ̀tì wọn. Íńṣì ni ti Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀tì 10 mm àti ti 3/8 íńṣì jọra lójú, ó tiẹ̀ lè kọ́kọ́ wọlé díẹ̀, àmọ́ tíréèdì á ti fà ya. Ẹ má fi agídí dè é.

Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ dà sí i. Ọ́ìlì LHM aláwọ̀ ewé tí Citroën àtijọ́ ń lò kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, á mú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú. DOT 4 tuntun kì í hó kó tó dé 230°C. Tó bá ti fa omi, ó lè hó ní 155°C. Ẹ̀bá ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà, atẹ́gùn wa kún fún omi, nítorí náà agolo tí ẹ ti ṣí láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ má lò ó.

Ẹ fọ òróró tí wọ́n fi pa dísìkì tuntun kúrò. Ẹ yí ìtọ́kọ̀ dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ rí i pé rọ́bà bíréèkì kò le tantan, kò sì kan táyà. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ máa dín eré kù láti 50 sí 10 km/h ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìdúró pátápátá, kí páàdì lè jókòó, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni láti wọ ọkọ̀ náà, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè.