Bí Mo Ṣe Bójú Tó Ojú Òpó Ìròyìn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Nígbà tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lé mi lọ́wọ́, àwọ̀ tí ojú òpó tuntun náà yóò ní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń jiyàn lé lórí. Èmi fẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò ka ìròyìn kí ó tó jáde, àti ẹni tí yóò ní àṣẹ láti gbé e jáde. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

WordPress, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ ojú òpó tí a sì fi ń bójú tó o, ni a yàn. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti gbé e jáde, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn débi pé ìṣòro tí a bá bá pàdé, ẹlòmíràn ti bá a pàdé ṣáájú wa, ó sì ti kọ ojútùú rẹ̀ sílẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ojú òpó àti àyè tí a gbé e sí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní tiwọn. Owó wọn a máa tó san láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi gbà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kí a lo ímeèlì tirẹ̀, mo sì mọrírì rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ a máa parí ẹ̀kọ́, bí páásíwọ́ọ̀dù bá sì bá a lọ, ọwọ́ ẹgbẹ́ kò ní tó ojú òpó náà mọ́.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn WordPress fún iṣẹ́ yìí ni bí ó ṣe ń pín àṣẹ. Ẹni tó wà ní ipò Contributor lè kọ ìròyìn, ó sì lè tún un kọ bí ó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò lè gbé e jáde. Ńṣe ni yóò fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Editor, ìyẹn olóòtú, lè tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, kí ó sì gbé e jáde, nígbà tó jẹ́ pé Administrator nìkan ló lè fọwọ́ kan ètò ojú òpó fúnra rẹ̀. Ipò Contributor ni mo fi gbogbo akọ̀ròyìn tuntun sí, mo sì fi àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ṣe Editor. Contributor kò lè gbé àwòrán sókè, èyí sì bí àwọn kan nínú, àmọ́ ó ṣe wá láǹfààní gidigidi, torí pé gbogbo àwòrán ní láti gba ọwọ́ olóòtú kọjá.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Fọ́tò tí a fi fóònù yà lè wúwo tó mẹgabáìtì mélòó kan, ẹni tó ń fi dátà díẹ̀ kà á yóò sì dúró títí. A máa ń dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí 1,200 píksẹ́lì. Fóònù tún lè kọ ibi tí a ti ya fọ́tò náà gan-an pamọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà olóòtú gbọ́dọ̀ yọ àlàyé yẹn kúrò, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ti yà á. A kì í fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ hàn láìgba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, a ń kọ àpèjúwe tí ẹ̀rọ lè kà fún afọ́jú.

Àtúnkọ ìròyìn ló gba àkókò mi jù lọ, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ ọ́ pé: “Inú ń bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń tètè ti yàrá ìkàwé.” Olóòtú rẹ̀, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bi í léèrè pé àwọn wo ni “gbogbo” yẹn, aago mélòó ni wọ́n ń tì í, kí sì ni ẹni tó ń bójú tó yàrá náà wí? Ó padà lọ ṣèwádìí. Nígbà tí ó dé, gbólóhùn náà ti di: “Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń ti yàrá ìkàwé báyìí, dípò aago márùn-ún, nítorí pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.” Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kí a máa fi gbogbo ìròyìn hàn án kí ó tó jáde. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí èyí yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 1988, nínú ẹjọ́ Hazelwood, pé àwọn aláṣẹ lè darí ìwé ìròyìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí wọ́n bá ní ìdí tó bá ètò ẹ̀kọ́ mu, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti ṣòfin láti dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́. Mo jókòó pẹ̀lú ọ̀gá wa, a sì kọ àdéhùn sílẹ̀: ìròyìn tó bá kàn án, a ó gba èsì rẹ̀ kí a tó gbé e jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olóòtú ni ìpinnu wà. Ó fọwọ́ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Bí àṣìṣe bá jáde, a kì í pa á rẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́. A ń tún un ṣe, a sì ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìròyìn náà pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe é, irú bíi: “Àtúnṣe: orúkọ ẹni tó gbá góòlù kejì wọlé tí a kọ́kọ́ kọ kò tọ̀nà.” Àkọlé lè yí padà, ṣùgbọ́n a kì í yí líǹkì ìròyìn padà, kí èyí tí àwọn ènìyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn má baà bàjẹ́.

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, mo gbé àwọn Contributor kan gòkè sí ipò Editor, mo sì gba àṣẹ tí mo fún àwọn tó ń jáde padà. N kò pa àkáǹtì wọn rẹ́, nítorí pé bí a bá fẹ́ pa àkáǹtì rẹ́, WordPress yóò bèèrè bóyá kí òun pa gbogbo ohun tí ẹni náà kọ rẹ́ tàbí kí òun fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ipò Subscriber, tí kò ní àṣẹ láti kọ ohunkóhun, ni mo dá wọn padà sí, orúkọ wọn sì wà lórí gbogbo ìròyìn tí wọ́n kọ.